Ẹni Tó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Wẹ̀ Ẹ́

Habeeb kú sí ilé ìwòsàn kan ní Awoyaya lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ikọ́ fée ló pa á. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, kò tíì sí Mùsùlùmí kan tó gbà láti wẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń jó Hakeem lára nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ni òun àti Habeeb fi jọ gbé bí olólùfẹ́, tí wọ́n ń sọ fún aládùúgbò pé mọ̀lẹ́bí làwọn. Nígbà tí èémí ń tán lọ, ohun kan ṣoṣo ni Habeeb bẹ̀ ẹ́. "Má jẹ́ kí wọ́n sin mí láìwẹ̀ o. Jọ̀ọ́." Hakeem ní irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀. Háà, ọ̀rọ̀ ńlá ló fẹnu ẹ̀ sọ yẹn! Oṣù méjì sẹ́yìn ni ẹnì kan ti tú àṣírí wọn sórí wọ́sáàpù àwọn ará mọ́ṣáláṣí, látìgbà náà ni wọ́n ti ń sá fún wọn bí ẹni ń sá fún ìgbóná.

Alhaji Ọdúnjọ, akọ̀wé mọ́ṣáláṣí ẹ̀sítéètì wọn, kò jẹ́ kí Hakeem kọjá ẹnu géètì. Habeeb yìí kan náà ló bá wọn tún gbohùngbohùn wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ààwẹ̀ tó kọjá.

"Kí Ọlọ́run foríjì í," Alhaji ní, ilẹ̀ ló ń wò. "Àwa ò ní fọwọ́ kàn án, a ò sì ní kírun sí i lára. A ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ́ṣáláṣí Ajah."

"Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnì kan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, èmi á wẹ̀ ẹ́."

"Má kó wàhálà bá mi, jàre."

"Alhaji, ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́ o."

Alhaji pa géètì dé.

Hakeem jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tú fóònù Habeeb kiri, ó bá rí nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ "Awẹ̀kú Addo" sí. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ẹkún náà sì ń gbọ̀n ọ́n. Bí Habeeb ṣe rí nìyẹn: ẹni tí í ra gáàsì kí tilé tó tán. Àṣé ó ti wá ẹni tó máa wẹ òkú ẹ̀ de ara ẹ̀. Hakeem tẹ nọ́ńbà náà.

Ẹni tó gbé e kò kí i. "Ta ló kú?" ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀. Ohùn bàbá àgbà ni.

Bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ wọn nìyẹn. "Habeeb, sà. Habeeb lórúkọ ẹ̀."

Bàbá náà ní kó tún orúkọ náà pè, Hakeem sì tún un pè.

"Máa bọ̀," bàbá náà ní, ó sì júwe ilé.

Alfa Tàjùdéèn lórúkọ ẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta páànù ló ń gbé ní Addo. Kí Hakeem tó dé, ó ti gé aṣọ funfun, ó ti ká a, ó ti di òwú àti kàfúrà sínú ọ̀rá. Kò béèrè ohun tó pa òkú.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ. Ọkọ̀ wà níta."

"Wọ́n ti pè mí láti mọ́ṣáláṣí. Mo ṣì ní ọmọbìnrin méjì tí kò tíì relé ọkọ. Tí mo bá lọ, ta ló máa fẹ́ wọn?" Ó gbé ìrọ̀rí gígùn kan sórí ẹní. "Jókòó. Màá kọ́ ẹ."

Ó kọ́ ọ lóòótọ́. Bò ó láti ìdodo dé orúnkún, má ṣí i. Fi aṣọ wé ọwọ́ òsì rẹ. Ṣe àlùwàlá fún un, ọ̀tún ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Kí omi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó o bá dé apá òsì, má fà á. Gba abẹ́ ìgúnpá gbé e, díẹ̀díẹ̀. Ohun tó o bá rí lára òkú, bò ó láṣìírí. Lẹ́yìn náà, kọjú rẹ̀ sí gábàsì. Hakeem ń ṣe é lára ìrọ̀rí, omijé ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò. Bàbá bá a tún ọwọ́ mú, ó tún bá a tún un mú.

"Bàbá, ṣé ó tiẹ̀ tọ́ kó jẹ́ èmi ni màá wẹ̀ ẹ́? Èmi tí mo..."

"Bàbá tó bí òkú ló kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́. Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó sọ fún mi pé bàbá òun ti kú, sà. Ó ti pẹ́."

Alfa Tàjùdéèn gbé ìrọ̀rí náà, ó ń gbọn eruku tí kò sí lára ẹ̀.

"Òun ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tí bàbá bá ti kú, ọ̀rẹ́ lè wẹ̀ ẹ́. Ìwọ lo lẹ́tọ̀ọ́. Máa lọ, kí oòrùn má wọ̀ bá yín."

Hakeem dọ̀bálẹ̀ kó dúpẹ́. Nígbà tó máa fi gbórí sókè, bàbá ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Máyọ̀wá tí òun àti Hakeem jọ ń ṣiṣẹ́ ní Oniru nìkan ló wá bá a bu omi ní ilé ìwòsàn. "Pásítọ̀ mi ò gbọdọ̀ gbọ́ o," ló ní, ó sì ká apá ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè. Hakeem wẹ orí, ó wẹ ọ̀tún, ó wá yí sí òsì.

Ó ti gba abẹ́ ìgúnpá gbé apá òsì náà, ó ti wẹ̀ ẹ́ tán, kó tó rántí pé òun ò sọ ọ̀rọ̀ apá yìí fún Alfa Tàjùdéèn tàbí ẹnikẹ́ni, apá tó yẹ̀ nígbà tí Habeeb já bọ́ lórí igi àgbálùmọ̀ lọ́mọ ọdún méje, tí Habeeb sì máa ń sọ pé ẹnì kan ṣoṣo láyé ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e tí kò fi ní dun òun, bàbá òun tó ti kú.