Wáyà Kan Nílé Bàbá Moyin

Oníwáyà ń so wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ògiri Bàbá Moyinolúwa ní Kàbà. Bàbá yìí ló ní ilé kan kì í gba ìsìn méjì, kí Moyin jáwọ́ lọ́rọ̀ Mùsùlùmí tó ń fẹ́ ẹ. Oníwáyà gan-an ni Mùsùlùmí ọ̀hún, ó sì dá a lójú pé Bàbá ò mọ òun.

"Okun o," ni Bàbá kí i. "Telifíṣọ̀n, fóònù, kámẹ́rà ẹnu géètì, inú wáyà tín-ín-rín yìí? Wọn ò ní kọlura?"

"Rárá, Bàbá. Gíláàsì ló wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé wọn, àwọ̀ kálukú sì yàtọ̀."

"Á jẹ́ pé ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra." Bàbá rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí yàrá. "Moyin, bu omi fún ọkọ rẹ."

Wáyà bọ́ lọ́wọ́ oníwáyà.

"Rọra," ni Bàbá wí. "Kí àwọn bàbá rẹ wá rí mi. Kí wọ́n kírun Jímọ̀ tán ná."