Ẹ̀kúnwọ́ Yànmọ̀tí Kan

Ẹ sún mọ́ mi níbí, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wọlé, kí ewúrẹ́ má baà jókòó síbi yín.

Ní abúlé kan lápá Òkè-Ògùn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àtàndá. Ó mọ ẹṣin gùn, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Bó bá gbin iṣu lónìí, á fẹ́ wà á wò lọ́la.

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, ààfin a máa rán èèyàn wá sí abúlé yìí láti yan ẹṣin tí Ọba yóò gùn lọ sí Yídì. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ra ẹ̀yìn ẹṣin. Èyí tí irun rẹ̀ bá jọ̀lọ̀, tó ń dán, ni wọ́n ń mú. Bàbá Àtàndá wá ọlá yìí títí ó fi kú, kò rí i. Àtàndá búra pé ọwọ́ òun á tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ irun ẹṣin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un le bí ìgbálẹ̀.

Ó lọ bá Àwẹ̀ró, opó aládùúgbò rẹ̀, tí ẹṣin tiẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n da òróró sí i lára.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń fún ẹṣin yín jẹ?"

"Yànmọ̀tí ni. Màá lọ̀ ọ́, màá po ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ èérí ọkà bàbà rẹ̀ lálaalẹ́."

"Ẹ̀kúnwọ́ kan péré? Ṣé adìẹ lẹ̀ ń sìn ni?"

Àwẹ̀ró bú sẹ́rìn-ín. "Inú ló máa kọ́kọ́ tún ṣe, ọmọ mi, kó tó hàn lára. Jẹ́ kí òṣù lé, kó wọ̀, kó tún lé."

Àtàndá bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Irun ẹṣin náà tilẹ̀ ti ń rọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ pé àwọn ará ààfin ń bọ̀ lọ́la, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó da odindi igbá yànmọ̀tí síwájú ẹṣin. "Jẹ ẹ́, baba mi! Kó o máa kọ mànà lọ́la!"

Nígbà tí àwọn àlejò fi máa dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ikùn ẹṣin ti wú bí àpò òwú. Ó ń làágùn, ó fẹ́ dùbúlẹ̀.

Àgbà inú wọn figbe ta. "Ẹ má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ o! Bó bá yí gbiri, ìfun rẹ̀ á lọ́, ó kú nìyẹn!"

Làwọn àlejò bá bọ́ agbádá sílẹ̀. Wọ́n ń fa ẹṣin yí agbo ilé po, Àwẹ̀ró ń fọwọ́ ra á níkùn, Àtàndá ń bẹ Ọlọ́run pé òun ò wá ọlá mọ́, kí ẹṣin bàbá òun ṣáà má kú. Bí àkùkọ ṣe kọ, ẹṣin gbé ìrù sókè, ó sì yàgbẹ́ rẹpẹtẹ! Ẹ ò bá wá wo ìdùnnú! Àgbàlagbà ń dì mọ́ra wọn nítorí ìgbẹ́ ẹṣin!

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fọwọ́ ra ẹ̀yìn ẹṣin Àwẹ̀ró, wọ́n sì tú u lókùn láti mú un lọ sí ààfin.

Àtàndá bẹ àgbà wọn: "Bàbá, ẹ ò lè dúró de ẹṣin tèmi díẹ̀ sí i?"

"Àwa dúró mọ́júmọ́, Àtàndá. Ìwọ ni ò lè dúró."

Ẹ gbọ́, ọmọ mi: ohun tó ń ṣeni lóore, bó bá pọ̀ jù, á di ìyà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àtàndá náà ti gbọ́n. Bí àwọn àlejò ṣe ń lọ nínú ìmọ́lẹ̀ àfẹ̀mọ́júmọ́, tí ẹṣin Àwẹ̀ró ń dán níwájú wọn, ó ti wà nídìí ọlọ, ó ń lọ yànmọ̀tí. Ẹ̀kúnwọ́ kan ni.