Ọkùnrin Tó Ń Wo Aago

Ìròyìn ti tàn ká ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan: ẹnì kan ń bọ̀ tó máa wọn iye àsìkò tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀, ilé yá.

Ọkùnrin kan wọlé, aago lọ́wọ́. Ẹ̀yìn Ìyá Ìbejì, ọ̀kan lára àwọn tó ń di ọṣẹ, ló dúró sí.

Ìyá Ìbejì rò pé ẹni tí wọ́n ń retí nìyẹn. Ó ń kó ọṣẹ sínú páálí bí ẹni tí iná ń lé bọ̀.

"Ẹ rọra, mà," obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé sọ fún un. "Kí ló ń fa yín sẹ́yìn gan-an?"

"Páálí ni o! Ìdí ògiri ọ̀hún la ti ń lọ kó o. Ìrìn yẹn ló ń jẹ àsìkò wa, a ò ya ọ̀lẹ."

Nígbà tó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ó yíjú sí ọkùnrin náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ pé mo gbìyànjú."

"Kọ kí ni, mà? Aago ara ògiri tó wà lókè orí yín ni mo wá tún ṣe."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin tuntun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé kékeré kan.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni wọ́n rán," ó ní. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Páálí ni màá ní kí wọ́n gbé kúrò nídìí ògiri, kì í ṣe ẹ̀yin."