Ìbéèrè Láti Àga Ẹ̀yìn

"Ta ló ní ìbéèrè?" olùdíje bi àwọn àga òfìfo. Bí wọ́n ṣe ń dán ẹni tó ń wáṣẹ́ olùkọ́ wò nìyẹn ní yunifásítì ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Bahia: á kọ́ àga òfìfo lẹ́kọ̀ọ́ níwájú ìgbìmọ̀. Bó bá tún já lónìí, ó tún di aláìríṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá arúgbó kan nawọ́ lẹ́yìn, ó béèrè. Òfin ò gbà kí òǹwòran sọ̀rọ̀, síbẹ̀ olùdíje dá a lóhùn.

"O rí i?" Alága ìgbìmọ̀ ló béèrè.

"Ẹ má torí ẹ̀ ní mo já, sà. Ṣé mo lè dijú sí àgbà ni?"

"Dona Zulmira nìyẹn. Ipò tó kú fi sílẹ̀ lo wá ń dù. Gbogbo àwọn tó ṣáájú ẹ ló fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ọjọ́ Ajé ni kó o bẹ̀rẹ̀."

Ìyá náà bọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá náà lọ́rùn, ó fi lé olùdíje lọ́wọ́, ó sì jáde. Kò ṣílẹ̀kùn.