Àwòrán Ní Oko Mi Ti Kú

Láàárọ̀ yẹn, omi kò tún dé oko mi. Mo lọ bá Sìlífátù, tó ń bójú tó omi abúlé wa. Ó fi àwòrán tí wọ́n ń yà láti ojú sánmà hàn mí, èyí tí ẹ̀rọ ń wò kó tó pín omi. Oko Láwànì, aládùúgbò mi, tutù yọ̀yọ̀. Tèmi pọ́n bí eruku.

"Bàbá, ẹ̀rọ ní oko yín ti kú. Kì í fún òkú lómi."

"Koríko gbígbẹ tí mo fi bo ebè ló rí. Iṣu ń hù lábẹ́ rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣí i kúrò, kó lè rí èhù."

"Kí oòrùn lè jó o pa? Láwànì ńkọ́? Èpò ló kún oko rẹ̀."

"Èpò náà ṣáà tutù, Bàbá."

Mo padà sóko. Èpò ti ń yọ nínú poro. Láti kékeré ni mo ti ń pe ẹni tí èpò bá gba oko rẹ̀ ní ọ̀lẹ. Mo gbé ọkọ́ kọ́ igi, mo fi èpò náà sílẹ̀.

Nígbà tí èpò bo poro tán, omi dé. Láwànì dúró lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú ọ̀lẹ o, Bàbá."

Mo ní, "Òo."