Ohùn Tó Sùn Nínú Ẹ̀rọ

Màmá Sùúrù ni wọ́n ń pe obìnrin tó máa ń fi ohùn àwọn ará ilé ránṣẹ́ sí àwọn tó lọ ṣiṣẹ́ lókè lọ́hùn-ún, láàárín àwọn ìràwọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń rí àwọn tó fi ìbínú wọlé, tí wọ́n da ọ̀rọ̀ burúkú sẹ́nu ẹ̀rọ, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì sì mọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú omijé. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi í: ṣé kò sí èyí tó yá ju èyí lọ, tó lè lé ti àná bá? Á ní kò sí. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń sáré ni ohùn náà ń sáré, kò sì sí ohun tó ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹkún wọn sú u, ó dá ọgbọ́n kan tí ọ̀gá rẹ̀ kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbínú yòówù tó bá wọlé, ó di ọjọ́ kejì kó tó lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ló ti bá wọn tún ṣe báyìí, inú rẹ̀ sì máa ń dùn sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan gun àtẹ̀gùn wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí ṣòkòtò rẹ̀ ti tóbi jù fún un. Màmá Sùúrù kò rí i rí, ṣùgbọ́n akẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ti ẹnu iṣẹ́ òru lọ sílé kí i bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá ní ọmọ òun obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tí òun bí, fẹ́ wọ ọkọ̀ bọ̀ wálé. Ọkọ̀ yẹn kì í yí padà bó bá ti gbéra. Ó béèrè bóyá ohùn òun yóò bá a kó tó wọ̀ ọ́.

Màmá Sùúrù ṣírò ó, ó ní bó bá lọ lónìí, yóò bá a lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ gan-an.

Bàbá tẹ̀ síwájú ẹ̀rọ. "Má wálé. Mi ò fẹ́ rí ẹ mọ́. Láti òní lọ, èmi kọ́ ni bàbá ẹ."

Kò pariwo. Ilẹ̀ ló ń wò. Màmá Sùúrù sọ lọ́kàn rẹ̀ pé ìbínú abẹ́nú ló burú jù. Bàbá béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá òní náà ni yóò lọ lóòótọ́, ó fọwọ́ pa ẹ̀rọ lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ, ó sì lọ. Màmá Sùúrù dá ohùn náà dúró. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wọkọ̀ ná. Bí ojú bá ti rí ojú, ìjà á parí.

Nígbà tó dé lọ́jọ́ kejì, bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá Sùúrù fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó ti lọ?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, bàbá. Mi ò jẹ́ kó lọ. Bí a bá tiẹ̀ fi ránṣẹ́ nísinsìnyí, ọkọ̀ á ti gbéra kó tó débẹ̀."

Bàbá di etí tábìlì mú. Ó wá béèrè ohun tí gbogbo wọn máa ń béèrè, bóyá kò sí èyí tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Kò sí, bàbá," ó wí, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Dókítà ibẹ̀ ti sọ pé ìgbéra ọkọ̀ yẹn ló máa pa á, pé ọkàn ẹ̀ ò gbà á mọ́," ni bàbá wí, "ṣùgbọ́n ó gbọ́ pé mò ń kú lọ, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ tí mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó má wá, kí n tó wá bú u lánàá."