Àmì Tó Já Bọ́ Lórí Igbá

"Bàbá, kí lẹ sọ fún akọ̀wé kóòtù àkọ́kọ́?" ni adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bi àgbẹ̀ kan láti ìlú Ajue.

"Mo ní mo jí igbá kòkó, olúwa mi. Kòkó mẹ́fà péré ló wà nínú ẹ̀."

Adájọ́ yẹ ìwé wò. Akọ̀wé kò fi àmì sórí igbá, ló bá di igba. Torí igba kòkó ni wọ́n ṣe sọ àgbẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin.

"Àṣìṣe ńlá! Oṣù kan ló tọ́ sí yín. Ẹ máa lọ sílé."

"Ọdún mẹ́rin ọ̀hún pé láàárọ̀ yìí, olúwa mi."

"Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé òótọ́ borí."

"Mo dúpẹ́. Oko ta ni kí n ti lọ ká igba kòkó ó dín mẹ́fà tí mo ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ sílẹ̀?"